Gbèsè Ibi Tí A Kò Yàn

Ní ọjọ́ 9, oṣù Kejìlá, ọdún 2018, ikọ̀ Mullinalaghta wọ pápá O'Connor Park ní ìlú Tullamore, láàárín gbùngbùn ilẹ̀ Ireland, láti bá ikọ̀ Kilmacud Crokes ti Dublin na án tán bí owó nínú àṣekágbá ìdíje àwọn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Gaelic ní ẹkùn Leinster. Ẹgbẹ́ ńlá ni Kilmacud Crokes. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gúúsù Dublin, ó sì ti gba ife gbogbo Ireland lẹ́ẹ̀mejì kí ọjọ́ náà tó dé, ní 1995 àti ní 2009. Ní ti Mullinalaghta, kò tó odindi páríìṣì kan, ìyẹn àgbègbè ìjọ Àgùdà kan. Ìdajì páríìṣì ni, ní kaúntì Longford, àwọn ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀ kò sì ju bí 400 lé díẹ̀ lọ, tọmọdé tàgbà, tọkùnrin tobìnrin.

Ìdajì kejì, tí wọ́n ń pè ní Gowna, wà lódìkejì ààlà, ní kaúntì Cavan. Páríìṣì kan ṣoṣo ni ìdajì méjèèjì lójú ìjọ Àgùdà. Ṣùgbọ́n ẹkùn Leinster ni Longford wà, Cavan sì wà ní Ulster, nítorí náà àwọn aládùúgbò tí ìjọ kà sí ọmọ agbo kan náà ń du ife ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Nígbà tí eré ń lọ sópin, Mullinalaghta rí pẹ́náritì gbà. Gary Rogers gbá a sáwọ̀n. Nígbà tí fèrè ìkẹyìn dún, góòlù 1 àti pọ́ìntì 8 ni Mullinalaghta ní, Kilmacud Crokes sì ní góòlù 1 àti pọ́ìntì 7. Títí di ọjọ́ náà, kò sí ẹgbẹ́ kankan láti Longford tó gba ife Leinster rí.

Kò sí ẹni tó ra àwọn ọmọkùnrin yẹn wá. Kò sí ẹni tó ń san owó oṣù fún wọn, kò sì sí èyíkéyìí nínú wọn tó jókòó tì àwòrán ilẹ̀ Ireland kí ó tó fìka sí Mullinalaghta pé ibẹ̀ ni òun fẹ́. Ibẹ̀ ni a bí wọn sí, tàbí ibẹ̀ ni òbí wọn kó wọn wá nígbà tí wọn kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Síbẹ̀ wọ́n fi ẹ̀ẹ̀rùn àti òtútù, egungun àti iṣan, sin ibẹ̀ bí ẹni pé wọ́n búra fún un. Ǹjẹ́ ó tọ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé ènìyàn lè jẹ ibi tí kò yàn ní gbèsè?

Bí ìdíje náà ṣe ń lọ kò ṣòro láti lóye. Ikọ̀ kan ní agbábọ́ọ̀lù 15. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni wọ́n ń lò. Lábẹ́ òfin tó wà ní 2018, bọ́ọ̀lù tó bá gba orí igi òkè kọjá láàárín òpó méjèèjì jẹ́ pọ́ìntì 1, èyí tó bá wọ àwọ̀n jẹ́ góòlù, góòlù kan sì jẹ́ pọ́ìntì 3. Ní kaúntì kọ̀ọ̀kan, àwọn ẹgbẹ́ á kọ́kọ́ bá ara wọn díje títí a ó fi rí olúborí kan. Láti bí oṣù Kẹwàá, tí òjò ń rọ̀ tí pápá sì ti di ẹrẹ̀, àwọn olúborí wọ̀nyí á wá pàdé ní ẹkùn wọn, ìbáà ṣe Ulster, Munster, Leinster tàbí Connacht. Kòmẹsẹ̀-ó-yọ ni ìpele ẹkùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ikọ̀ tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan, ọdún tirẹ̀ ti parí nìyẹn. Àwọn tó bá gba ife ẹkùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń tẹ̀ síwájú sí ìdíje gbogbo Ireland, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní sáà 1970 sí 1971.

Àjọ tó ni eré yìí, GAA, ni a dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 1, oṣù Kọkànlá, ọdún 1884, ní Hayes's Hotel ní ìlú Thurles, kaúntì Tipperary. Michael Cusack àti Maurice Davin wà lára àwọn tó jókòó níbẹ̀. Thomas Croke, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Cashel, ni wọ́n fi ṣe bàbá ìsàlẹ̀ àkọ́kọ́. Orúkọ rẹ̀ ni pápá Croke Park ní Dublin ń jẹ́ títí di òní, òun náà ni Kilmacud Crokes sì fi ń jẹ́ Crokes. Nígbà tí àjọ náà ń wá bí yóò ṣe pín ara rẹ̀ káàkiri ìgbèríko, páríìṣì ló bá nílẹ̀. Àwọn ènìyàn ti mọ ààlà rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n mọ ilé ìjọsìn rẹ̀, wọ́n sì mọ itẹ́ òkú tí bàbá wọn wà. Àṣà yìí fìdí múlẹ̀ débi pé ní ọ̀pọ̀ kaúntì, òfin kò gbà kí ọmọ páríìṣì kan lọ gbá bọ́ọ̀lù fún páríìṣì kejì láìjẹ́ pé ó ti kó lọ síbẹ̀ lọ gbé. Ẹgbẹ́ tí ènìyàn kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún ni òfin ń pè ní ilé rẹ̀.

Ẹni tó yá owó mọ ọjọ́ tó tọwọ́ bọ ìwé. Ẹni tó ṣègbéyàwó jẹ́ ẹ̀jẹ́ níwájú ẹlẹ́rìí. Ọmọ tí a bí sí páríìṣì kan kò fọwọ́ sí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé òfin ń pè é ní ọmọ ilé. Ohun tó mú kí ìbéèrè náà le gan-an nìyẹn, ó sì ti pẹ́ láyé. Plato kọ ọ́ sínú ìwé Crito, níbi tí Socrates wà ní ẹ̀wọ̀n ní Athens, ẹni 70 ọdún, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Crito sì wá sọ fún un pé ọ̀nà àbáyọ wà. Socrates fojú inú rí Òfin ìlú bí ènìyàn tó dúró síwájú òun tó ń bi òun léèrè: ta ló so bàbá àti ìyá rẹ pọ̀ tí wọ́n fi bí ọ? Ta ló tọ́ ọ, tó kọ́ ọ? Nígbà tí o dàgbà tí o lè lọ, kí ló dé tí o kò lọ?

Ìdáhùn méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ Òfin yẹn. Èkíní ni pé ẹni tó dúró ti gbà. Ó bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n kò tó, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró síbi kan nítorí pé wọn kò rí ibòmíràn lọ. Èkejì ló lágbára: ẹni tí a tọ́ ti gba nǹkan kí ó tó mọ̀ pé òun ń gbà á. Ní páríìṣì Ireland, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ ní bọ́ọ̀lù ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò gba kọ́bọ̀. Olùkọ́ ni, tàbí àgbẹ̀, tàbí nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹlòmíràn ló ń fi ẹfun ya ìlà pápá, ẹlòmíràn ń fọ aṣọ ikọ̀, ẹlòmíràn sì ń fi ọkọ̀ ara rẹ̀ kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sí ibi ìdíje. Ọmọ náà kò bẹ̀ wọ́n. Bó bá sì di ọmọ ogún ọdún, kò sí bí yóò ṣe san án padà fún wọn, nítorí àwọn kan ti kú, àwọn yòókù kò sì ní gbà á. Ọmọ ọdún mẹ́jọ mìíràn nìkan ló lè san án fún. Bí gbèsè tí a kò tọwọ́ bọ̀wé ṣe ń di gbèsè tòótọ́ nìyẹn: oore ti ṣáájú, ẹni tó jẹ oore náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìjọ Kristẹni náà ní ohun tó sọ sí i, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì dùn mọ́ gbogbo ènìyàn. Nígbà tí amòfin kan bi Jésù léèrè ẹni tí í ṣe ọmọnìkejì òun, ìtàn ará Samáríà ló fi dá a lóhùn, ìyẹn àjèjì tó ṣàánú ẹni tí àwọn ará ilé tirẹ̀ kọjá lára rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ìfẹ́ páríìṣì ẹni wá fún? Kí ló dé tí Kristẹni yóò fi fẹ́ràn abúlé tirẹ̀ ju abúlé kejì lọ, nígbà tí ìfẹ́ tí a pè é sí kò ní ààlà?

Augustine ti Hippo gbìyànjú ìdáhùn kan nínú ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ Kristẹni. Ó ní gbogbo ènìyàn ni kí á fẹ́ràn bákan náà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn kò lè tó gbogbo ayé, nítorí náà kí ó bójú tó àwọn tí ibi, àkókò tàbí ìṣẹ̀lẹ̀ kan ti mú sún mọ́ ọn, bí ẹni pé kèké ló mú wọn fún un. Ó fi àpèjúwe gbè é: bí ènìyàn bá ní ohun kan tí kò ṣeé pín sí méjì, tí àwọn méjì tí àìní wọn dọ́gba sì wá bá a, kò sí ohun tó tọ́ ju kí ó ṣẹ́ kèké lọ. Ìsúnmọ́ni ni kèké náà. Ní ọ̀rúndún 13, Thomas Aquinas fi kún un pé ìfẹ́ ní ètò, pé ẹni tó sún mọ́ ni ní ẹ̀tọ́ kan tí ẹni tó jìnnà kò ní.

Ẹ kíyè sí ohun tí Augustine kò sọ. Kò sọ pé ará ilé ẹni dára ju ará ìta lọ. Kò sọ pé Ọlọ́run fẹ́ràn Mullinalaghta ju Kilmacud lọ. Kèké kì í mú ẹni nítorí pé ó dára jù. Ẹni tó bá mọ̀ pé kèké ló mú òun sí ibi tí òun wà yóò fi gbogbo agbára sin ibẹ̀, yóò sì mọ̀ nígbà kan náà pé bí kèké bá gba ibòmíràn já bọ́, abúlé kejì ni òun ì bá máa fi gbogbo agbára sìn. Ẹni tó jẹ́ ọ̀tá rẹ̀ lórí pápá lónìí ni ì bá jẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1793, William Godwin, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀ tí àwọn onímọ̀ èrò kò tíì gbàgbé. Ilé ń jó. Fénelon, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ti Cambrai tí ìwé rẹ̀ ń ṣe aráyé lóore, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀. Ẹnì kan péré ni a lè yọ. Godwin ní Fénelon ni kí á yọ, kódà bí ìránṣẹ́ náà bá jẹ́ ìyá ẹni. Lójú tirẹ̀, pé ẹnì kan jẹ́ tèmi kò sọ ẹ̀mí rẹ̀ di ohun tó níye lórí ju ti ẹlòmíràn lọ. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ìgbèríko Ireland, ọkùnrin tó kọ̀ láti fi ẹgbẹ́ kékeré rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ ńlá tí yóò jẹ́ kí ẹ̀bùn rẹ̀ tàn jù ń fi ẹ̀bùn náà ṣòfò.

Edmund Burke, tí a bí ní Dublin ní 1729, ti kọ èrò tó lòdì sí èyí ní ọdún mẹ́ta ṣáájú, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìdìtẹ̀ ilẹ̀ Faransé. Ó ní ìfẹ́ ẹgbẹ́ kékeré tí a bá ara wa nínú rẹ̀ ni irúgbìn àkọ́kọ́ tí ìfẹ́ orílẹ̀-èdè àti ìfẹ́ aráyé ń ti inú rẹ̀ hù. Bí a bá fà á tu nítorí pé ó kéré, kò ní sí ohun tí yóò hù rọ́pò rẹ̀. Burke ló sún mọ́ òtítọ́ jù nínú àwọn méjèèjì. Godwin bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé tó ń jó. Kò bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí ẹni tó dúró níbẹ̀ ti kọ́ láti sáré wọnú iná nítorí ẹlòmíràn. Ẹni tí kò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni ní pàtó rí kì í dédé bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn gbogbo ènìyàn. Ara àwọn díẹ̀, tí ó mọ orúkọ wọn, tí ó mọ àléébù wọn, ni ó ti máa ń kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n irúgbìn lè di ewé olóró. Àríwá Ireland mọ èyí ju ibi púpọ̀ lọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1997, Seán Brown, alága ẹgbẹ́ Wolfe Tones ní Bellaghy, kaúntì Derry, ń ti géètì pápá ẹgbẹ́ rẹ̀ ní alẹ́. Àwọn agbébọn loyalist, ìyẹn àwọn tó fẹ́ kí Àríwá Ireland máa wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, gbá a mú níbẹ̀, wọ́n gbé e lọ, wọ́n sì yìnbọn pa á. Ẹni ọdún 61 ni. Ẹgbẹ́ yìí ló gba ife gbogbo Ireland ní 1972. Ní Crossmaglen, kaúntì Armagh, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba apá kan ilẹ̀ ẹgbẹ́ náà sí bárékè wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún láti àwọn ọdún 1970. Ẹgbẹ́ náà kò kó kúrò. Láàárín 1997 sí 2012, ó gba ife gbogbo Ireland lẹ́ẹ̀mẹ́fà.

Láti ìta ni ewu tibí yìí ti wá. Èyí tó ń ti inú ilé wá kò kéré. Ní páríìṣì Errigal Ciarán, kaúntì Tyrone, aáwọ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1980 láàárín ẹgbẹ́ Ballygawley àti àwọn ará Glencull, tí wọ́n fẹ́ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Àjọ GAA kò gbà pé kí páríìṣì kan ní ẹgbẹ́ méjì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọmọ Glencull fi gbá bọ́ọ̀lù láìní ẹgbẹ́ tí òfin mọ̀. Peter Canavan wà lára wọn, ẹni tí yóò di ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù tó gbówọ́ jù ní ilẹ̀ náà. Kí ó tó lè gbá bọ́ọ̀lù fún kaúntì rẹ̀, ó di dandan kí ó forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ eré hurling kan (eré ọ̀pá àti bọ́ọ̀lù tó wà lábẹ́ GAA kan náà) ní Killyclogher, nítorí pé páríìṣì tirẹ̀ kò lè fún un ní ilé.

Ìfẹ́ ibi kan náà ló fa ìjà yẹn. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó kórìíra ilẹ̀ náà. Kálukú fẹ́ ẹ ní ọ̀nà tirẹ̀ ni. Nígbà tó di 1990, wọ́n parí ìjà, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tuntun kan sílẹ̀ fún gbogbo páríìṣì. Wọn kò fi orúkọ abúlé kankan sọ ọ́. Orúkọ ẹni mímọ́ Ciarán, tó jẹ́ ti gbogbo wọn, ni wọ́n mú. Ní 1993, Errigal Ciarán gba ife Ulster, ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Tyrone tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2003, Canavan ni balógun ikọ̀ Tyrone tó gba ife gbogbo Ireland ti àwọn kaúntì. Nígbà tí Errigal Ciarán tún gba ife Ulster ní 2024, àwọn ọmọ rẹ̀ Darragh àti Ruairí wà nínú ikọ̀ náà. Ilé tí bàbá wọn kò ní nígbà èwe rẹ̀ ni a bí wọn sí.

Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ, àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí náà sì wo ilé kí wọ́n tó sọ ara wọn lórúkọ, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n wò gbòòrò ju ohun tí àjèjì lè rò lọ. Wolfe Tone, aṣáájú kan nínú ẹgbẹ́ United Irishmen tó dìtẹ̀ sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹgbẹ́ Bellaghy ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, kì í ṣe ọmọ ìjọ Àgùdà. Ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n bí i sí. Ní Maghera, ní kaúntì Derry kan náà, ẹgbẹ́ Glen ń jẹ́ orúkọ Watty Graham, alàgbà ìjọ Presbyterian tí ìjọba pa ní 1798 nítorí pé ó wà lára àwọn United Irishmen. Glen gba ife Ulster ní 2022 àti 2023, wọ́n sì gba ife gbogbo Ireland ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024. Ẹgbẹ́ tí púpọ̀ jù nínú àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ́ Àgùdà ń gbé orúkọ alàgbà Presbyterian lé àyà, ní ilẹ̀ tí ènìyàn ti ń kú nítorí ìjọ tí a bí i sí.

Akéwì Patrick Kavanagh, ọmọ Inniskeen ní kaúntì Monaghan, tó ti ṣọ́lé fún ikọ̀ abúlé rẹ̀ nígbà èwe, pín àwọn ènìyàn sí oríṣi méjì nínú àròkọ rẹ̀ kan. Irú kan kì í gba ojú ara rẹ̀ gbọ́ títí yóò fi gbọ́ ohun tí olú ìlú wí. Irú kejì kò ṣiyèméjì rí pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní páríìṣì òun tó ohun tí à ń ronú lé. Kavanagh ka irú kejì sí ẹni tó lómìnira jù, ó sì ní inú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni ọ̀làjú ńlá ti máa ń jáde. Ẹni tó ti rí ìjà, ìlara, ìdáríjì àti ìgboyà ní abúlé kan ti rí ohun tí ọmọ ènìyàn jẹ́ níbi gbogbo.

Ohun kan ṣì kù tí ìdíje kòmẹsẹ̀-ó-yọ yìí ń kọ́ni tí ìwé àwọn onímọ̀ kò fẹnu bà. Kaúntì mẹ́sàn-án ló wà ní Ulster. Olúborí mẹ́sàn-án ló ń wọ ìdíje ẹkùn náà, mẹ́jọ nínú wọn ló sì ń fi ìjákulẹ̀ parí ọdún. Bí olúborí ẹkùn bá tẹ̀ síwájú, ó ṣeé ṣe kí òun náà fìdí rẹmi kí ó tó gbé ife gbogbo Ireland. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ní gbogbo ilẹ̀ náà ni ọdún rẹ̀ ń fi ìṣẹ́gun parí. Bí ó bá jẹ́ pé ìṣẹ́gun ló ń fún iṣẹ́ yìí ní ìtumọ̀, a jẹ́ pé gbogbo àwọn tó kù ń fi ayé wọn ṣòfò.

Ẹgbẹ́ Clann na nGael ti kaúntì Roscommon dé àṣekágbá gbogbo Ireland ní 1987, 1988, 1989 àti 1990. Wọ́n fìdí rẹmi nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí wọ́n tó lè dé ibẹ̀, wọ́n ní láti gba ife Roscommon lọ́dọọdún, kí wọ́n tún gba ife Connacht. Lẹ́yìn ìjákulẹ̀ kẹta, wọ́n padà sí pápá ìgbáradì ní ìgbà òtútù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Ẹni tó ń ṣe irú èyí nítorí èrè ì bá ti fi í sílẹ̀. Baltinglass ló ṣẹ́gun wọn nígbà kẹrin, ẹgbẹ́ kan láti kaúntì Wicklow, kaúntì tí ikọ̀ àgbà rẹ̀ kò tíì gba ife Leinster ti àwọn kaúntì rí láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé eré náà. Ìjákulẹ̀ Clann na nGael ni ọjọ́ ayọ̀ tó ga jù fún àwọn tí kèké mú sí Baltinglass.

Àwọn ẹni mímọ́ tí orúkọ wọn wà lára aṣọ àwọn ikọ̀ wọ̀nyí mú ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ sí i. St Columba's ni Mullinalaghta ń jẹ́. Columba, tí àwọn ará Ireland ń pè ní Colmcille, ni a bí ní Donegal ní ọ̀rúndún 6, ṣùgbọ́n ní 563 ó fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí erékùṣù Iona ní Scotland, ibẹ̀ ló sì kú sí. St Gall's ti Belfast ló gba ife gbogbo Ireland ní 2010. Gall kúrò ní Ireland, ó sì parí ayé rẹ̀ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Switzerland lónìí. Lójú àwọn mọ́ńkì ìgbà náà, kò sí ẹbọ tó tóbi ju kí ènìyàn fi ilé sílẹ̀ nítorí Kristi. Báwo wá ni ẹgbẹ́ tó ń kọ́ni pé kí á dúró ṣe ń jẹ́ orúkọ ẹni tó lọ?

Ohun tó mú kí lílọ Columba jẹ́ ẹbọ ni pé ilé wọ̀ ọ́ lára. Ẹni tí ibi kan kò jẹ́ nǹkan lójú rẹ̀ kò fi nǹkan kan sílẹ̀ nígbà tó lọ. Ó kàn ṣípò padà ni. Mọ́ńkì tó ń wọkọ̀ ojú omi lọ sí Iona àti ọmọkùnrin tó ń wakọ̀ láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Dublin padà sí abúlé fún ìgbáradì gba ohun kan náà gbọ́, pé ibi tí kèké mú ni sí ní iye lórí. Èkíní fi iye náà rúbọ, èkejì sì ń san án díẹ̀díẹ̀.

Kèké kò sì dúró sí ọjọ́ ìbí. Boidu Sayeh ni a bí ní Làìbéríà. Ọmọdé ni nígbà tó dé Ireland, ó dàgbà ní Rosemount ní kaúntì Westmeath, ó gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ibẹ̀, ó sì wọ aṣọ kaúntì náà. Seán Óg Ó hAilpín ni a bí ní Fiji, ó gbé Australia nígbà èwe, ó di ọmọ Cork, nígbà tó sì gba ife gbogbo Ireland ti eré hurling gẹ́gẹ́ bí balógun Cork ní 2005, èdè Irish ló fi sọ̀rọ̀ fún àwọn ènìyàn ní Croke Park. Bí ẹ̀jẹ̀ bá jẹ́ orísun gbèsè, kò sí ohun tí àwọn méjèèjì jẹ ẹnikẹ́ni. Bí oore tó ṣáájú bá ni orísun rẹ̀, ọmọ ilé ni wọ́n bí àwọn tí bàbá ńlá wọn wà ní itẹ́ òkú ibẹ̀.

Àwọn ìdílé láti Nàìjíríà, tí àwọn Yorùbá wà lára wọn, ti ń gbé ní Blanchardstown àti Balbriggan lágbègbè Dublin láti nǹkan bí ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ wọn tí wọ́n mú lọ sí pápá ẹgbẹ́ àdúgbò ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò yàn án, òbí rẹ̀ ló kó o wá. Lọ́nà kan náà, àwọn ará àdúgbò kò yàn án. Bí Augustine bá tọ̀nà, kèké ti mú àwọn méjèèjì fún ara wọn, gbèsè náà sì ti bẹ̀rẹ̀. Páríìṣì ló ní láti kọ́kọ́ san tirẹ̀: kí ó fún ọmọ náà ní aṣọ, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí a ṣe ń kọ ọ́ nílé, kí akọ́nimọ̀ọ́gbá kọ́ ọ ní ohun tó ń kọ́ àwọn yòókù, kí ó sì fi í sí àyè tó tọ́ sí i nínú ikọ̀ nígbà tí àwọn olúborí kaúntì bá tún fẹ́ pàdé ní oṣù Kẹwàá.